Ẹgbẹ́ Akọrin Ilé Ìwòsàn Ibà

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ ní pípé, torí nígbà tó ṣì wà lórí àga, bí èèyàn bá gé e kù, kì í dáhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dókítà Bahgat Páṣà el-Tarabili, Ọ̀gá Àgbà Ilé Ìwòsàn Ibà ti Kafr el-Sawaqi, Bàbá Àwọn Aláìsàn, Ọ̀rẹ́ Gómìnà. Kò sí yunifásítì kankan tó fún un ní oyè ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn ọba tó ń fi èèyàn jẹ Páṣà sì ti kógbá wọn kúrò ní Íjíbítì kí wọ́n tó bí i. Àwa ará ìlú la fi oyè méjèèjì ta á lọ́rẹ, díẹ̀díẹ̀, nígbàkigbà tí a bá ń wá bẹ́ẹ̀dì fún ọmọ wa tàbí tí a bá fẹ́ kó buwọ́ lùwé fún wa, òun náà sì ń gbà á lọ́wọ́ wa bí ẹni tó ń gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ti Ọ̀rẹ́ Gómìnà nìkan ló fọwọ́ ara rẹ̀ wá. Wọ́n jọ ya fọ́tò nígbà kan níbi ìsìnkú, èjìká gómìnà ló sì hàn nínú rẹ̀.

Lónìí, bí ẹ bá bá a nílé kọfí tó wà létí odò, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ ìtàn yìí fún yín, á sì fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín ju bí èmi ṣe lè fi í ṣe lọ. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹnu rẹ̀ la ti gbọ́ ọ.

Dókítà gidi ni, ẹ má ṣì mí gbọ́. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, iṣẹ́ ìwádìí tó fi gboyè dá lórí ọ̀fun àwọn ọmọdé. Ó mọ kòkòrò tí ojú kì í rí tó máa ń ba sínú ọ̀fun wọn nígbà òtútù. Ó mọ̀ pé ikọ́, sísín, ẹ̀rín, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, gbogbo rẹ̀ ló ń ta itọ́ wíńtínwíńtín sójú ẹni tó bá sún mọ́ ọmọ náà, àti pé àwọn nọ́ọ̀sì ló ń sún mọ́ ọn jù. Ó mọ̀ pé bí kòkòrò yìí bá wọ ọ̀fun àgbàlagbà, ó lè fi ibà dá a dùbúlẹ̀, ó lè sọ eéwo sí i lọ́fun, bó bá sì jẹ́ ẹni tó ti bá jà rí nígbà èwe ni, ó lè ti ọ̀fun sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọkàn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá ló mọ̀. Àmọ́ láti ìgbà tó ti gorí àga, ọ̀fun kan ṣoṣo tó kù tó ń jẹ ẹ́ lógún ni tirẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń jáde.

Láràárọ̀, kí mọ́tò rẹ̀ tó wọlé, Zaghlul, alukoro ilé ìwòsàn náà, á ti to àwọn òṣìṣẹ́ sí ìlà méjì láti ẹnu géètì dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọ̀gá á sọ̀ kalẹ̀, á gba àárín wọn kọjá, á fẹnu ko àwọn ọkùnrin lẹ́rẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún lósì, á mi orí sí àwọn obìnrin, á sì gun àtẹ̀gùn dé ibi tí ohùn rẹ̀ ti máa ń dún dáadáa.

“Ẹ̀yin ọmọ mi,” á ní, “ilé ìwòsàn kì í ṣe bíríkì. Ilé ìwòsàn kì í ṣe oògùn. Ilé ìwòsàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì.”

Lásìkò yẹn, bẹ́ẹ̀dì kò tó, oògùn sì ń tán lọ, nítorí náà a kò lè sọ pé irọ́ ló ń pa. Zaghlul ló máa ń kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó mọ iṣẹ́ yẹn débi pé ó máa ń pa á kí gbólóhùn tó parí, kí ọ̀gá lè rí àyè mí. Àwọn ìyá tó gbọ́mọ wá láti abúlé á jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú òtútù, wọ́n á máa bó ọsàn tanjarínì fún ọmọ tí kò lè gbé e mì, wọ́n á máa retí ìgbà tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń bi mí pé ṣé a kò ráhùn ni, a ráhùn. A tún pàtẹ́wọ́.

Òtútù ọdún yẹn mú gan-an. Àwọn ọmọ tí ọ̀fun ń dùn bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá láti gbogbo abúlé àyíká, ara wọn gbóná, ahọ́n wọn pupa fòò, wọn kò lè gbé itọ́ mì. Sístà Inshirah, olórí àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọmọdé, obìnrin tó ti pẹ́ níbẹ̀ ju ọ̀gá lọ, gòkè lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ohun tó bèèrè kò le. Ó fẹ́ kí ìbomú kárí gbogbo ẹni tó ń wọ wọ́ọ̀dù. Ó fẹ́ omi ẹ̀rọ àti ọṣẹ nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, dípò ẹyọ kan tó wà lópin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n máa fi àwọn ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí yàrá ọ̀tọ̀ títí oògùn á fi ṣiṣẹ́ lára wọn fún odindi ọjọ́ kan. Ó sì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ tí ọ̀fun bá ń dùn jókòó sílé kó gba ìtọ́jú, kí wọ́n má sì gé owó oṣù rẹ̀, torí ìbẹ̀rù pé wọ́n á gé e ló ń mú àwọn èèyàn gbé ọ̀fun tó wú wá síbi iṣẹ́.

Bahgat gbọ́ ọ, ó tiẹ̀ mi orí. Ó sọ fún wa nígbà tó yá pé nínú òun lọ́hùn-ún, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ̀wé lórí ọ̀fun ọmọdé ń sọ pé òótọ́ lobìnrin yìí ń sọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn.

“Sístà Inshirah,” ló wí, “ojú òṣìṣẹ́ ìjọba, ojú ìjọba ni. Bí ẹ bá wá faṣọ bo ojú ìjọba, kí ni aráàlú máa máa wò?”

“Kí wọ́n máa wo ọmọ wọn tí ara rẹ̀ ń yá, Páṣà.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, ó wá ṣàlàyé. Akọ̀wé Àgbà Ilé Iṣẹ́ Ìlera ń bọ̀ láti Káírò wá ṣí gbọ̀ngàn tuntun, Gbọ̀ngàn Bahgat el-Tarabili fún Ìmọ̀ Ìlera, tí wọ́n ti fi àga aláwọ̀ wúrà àti aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ní bí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ bá dé tó rí ìbomú lójú gbogbo ènìyàn, á rò pé àìsàn wà níbẹ̀.

“Ilé ìwòsàn ibà nibí, Páṣà.”

“Ohun tí a kò fẹ́ kó hàn gan-an nìyẹn.”

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àṣẹ ti jáde. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo ìbomú mọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n má lò ó ní wọ́ọ̀dù náà, torí pé láti wọ́ọ̀dù ni èèyàn ti ń bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá tí Inshirah ń wò fún àwọn ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn àga aláwọ̀ wúrà tó ṣẹ́ kù sí. Kí wọ́n má baà sọ pé òun kò ṣe nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ ọ̀fun, ọ̀gá ní kí wọ́n gbé bébà ńlá kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Fọ́tò rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó fọwọ́ gbé àgbọ̀n, ó ń wo ọ̀nà jíjìn.

Zaghlul ló mú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ akọrin wá. Ó ní gbọ̀ngàn tí kò bá sí orin nínú rẹ̀ dà bí ìgbéyàwó tí ìyàwó kò yọjú. Inú ọ̀gá dùn sí i lójú ẹsẹ̀. Wọ́n kó nọ́ọ̀sì, agbálẹ̀, alásè, awakọ̀ àti àwọn tó ń ta oògùn jọ, wọ́n sì kọ́ wọn ní orin tí Zaghlul fúnra rẹ̀ kọ. Orin náà fi Bahgat wé oòrùn, ó fi í wé odò Náílì, nígbà tó sì fi máa dé ẹsẹ kẹta, ó ti ń fi í wé pẹnisílínì, torí pé nǹkan tí èèyàn lè fi ọ̀gá wé ti tán lọ́wọ́ Zaghlul. Wọ́n ta aṣọ gbọọrọ kan kọjá lórí pèpéle, wọ́n kọ ọ́ sí i ní lẹ́tà ńláńlá pé Ọ̀FUN TÓ Ń KỌRIN KÌ Í ṢÀÌSÀN.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn iṣẹ́ òwúrọ̀, wọ́n á wọnú gbọ̀ngàn. Wọ́n á ti gbogbo fèrèsé pa kí eruku má baà bà sórí fẹ́lífẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń darí orin. Igi pẹlẹbẹ tí àwọn dókítà fi ń tẹ ahọ́n aláìsàn ló mú lọ́wọ́ tó fi ń darí wọn, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí a rí irú igi bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún tó ti di ọ̀gá.

Ẹ bá mi wo ohun tó ṣe báyìí. Ó kó àwọn tó ti ń tọ́jú ọ̀fun tó ń ṣàìsàn láti àárọ̀ jọ sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, ó ní kí wọ́n dúró ní èjìká sí èjìká, kí wọ́n sì la ẹnu gbàgà síra wọn lójú. Ká ní kòkòrò yẹn náà ní alukoro, kò lè bá a ṣètò tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn jù nínú wọn ni Rawya, nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan ní wọ́ọ̀dù ọmọdé. Ó máa ń kọrin fún àwọn ọmọ kí wọ́n lè jẹ́ kó wo ọ̀fun wọn, wọ́n sì máa ń wúkọ́ sí i lójú nígbà tó bá dé ibi tó dùn. Òun ni wọ́n fún ní ẹsẹ tí ẹnì kan ṣoṣo ń kọ. Ní ọjọ́ kan, nígbà tó kù díẹ̀ kí àlejò dé, ó wá bá ọ̀gá lẹ́yìn ìdánrawò. Ó ní ọ̀fun ń dun òun láti àná, ara òun sì gbóná, òun fẹ́ kí wọ́n yọ̀ǹda òun.

“Ọmọ mi, Íjíbítì kò yọ̀ǹda ẹnikẹ́ni,” ni Bahgat wí.

Rawya sún mọ́ ọn. Ó wá sọ ohun tí kì í sábà sọ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa. “Páṣà, ọkàn mi ti ṣàìsàn rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Láti ọ̀fun ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ̀fun mi.”

Dókítà èyíkéyìí tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ó yẹ kó ní kó jókòó, kó ní kó la ẹnu. Igi pẹlẹbẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọbìnrin náà wà níwájú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì wà lórí wọn. Bahgat gbé igi náà sókè ni, ó ní ọkàn tó bá ń lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ kì í rẹ̀. Zaghlul pàtẹ́wọ́. Wọ́n fún Rawya ní oyin àti tíì ewé mínítì, ó mu ún, ó padà sáàyè rẹ̀. Bí Bahgat bá ń sọ ìtàn yìí nílé kọfí, ó máa ń fi gbogbo rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi máa dé ibí yìí. Bó bá ti débí, á béèrè omi.

Lẹ́yìn náà, àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Alásè ló kọ́kọ́ lọ, awakọ̀ méjì tẹ̀ lé e, ó wá kan gbogbo ìlà ẹ̀yìn. Ẹni tó bá sì jókòó sílé, wọ́n á gé owó rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá lè dìde ń dìde. Nígbà tí ohùn kò kárí mọ́, Zaghlul ní kí ẹni tí kò bá lè kọrin ṣáà máa la ẹnu. Kí n má parọ́ fún yín, Sístà Inshirah náà wà níbẹ̀. Ìlà iwájú ló dúró sí. Ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe síra wọn, ó kọrin náà, ìbomú rẹ̀ wà ní kíká nínú àpò.

Ọjọ́ àlejò pé. Bahgat jí pẹ̀lú ìrora ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun kan, bí ẹni gbé eegun ẹja mì. Ó gbóná lábẹ́ kóòtù rẹ̀ onírun àgùntàn, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ nínú òtútù, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ayọ̀ ni. Nígbà tí Akọ̀wé Àgbà sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó wọ awò ojú, Bahgat rọ̀ mọ́ ọn, ó fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún, lósì, ó sì tún padà sí ọ̀tún torí àwọn oníròyìn kò rí fọ́tò àkọ́kọ́ yà dáadáa. Wọ́n gé rìbọ́nì. Wọ́n wọlé. Gbogbo àga aláwọ̀ wúrà kún fún èèyàn.

Ẹgbẹ́ akọrin la ẹnu. Ohun tó jáde dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ bẹ́ẹ̀dì irin lórí símẹ́ǹtì. Wọ́n fi oòrùn sílẹ̀, wọ́n fò kọjá lórí odò Náílì, wọ́n ń yára láti dé ọ̀dọ̀ Rawya, ẹni tó ṣì ní ohùn díẹ̀. Rawya bọ́ síwájú. Ó kọ ìlà kan, ohùn náà sì mọ́ débi pé gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó di ẹ̀gbẹ́ pèpéle mú, ó sì jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Gbogbo ojú kọjú sí Bahgat. Òun ni dókítà tó wà nítòsí Rawya jù. Ó gun pèpéle lọ, ó sún sọ́tùn-ún kí àlejò má baà rí ọmọbìnrin náà lẹ́yìn òun, ó sọ fún àwọn tó jókòó pé ìfẹ́ ilẹ̀ baba ló kó sí i lórí, ó wá na ọwọ́ méjèèjì jáde láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ti ń há sórí láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ohùn kò jáde.

Ó tún gbìyànjú. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, gbohùngbohùn kò rí nǹkan kan gbé. Zaghlul, tó gbà pé irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní láti jẹ́ ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ, pàtẹ́wọ́. Ni gbogbo wa bá pàtẹ́wọ́. Bahgat tún la ẹnu, ó nawọ́ sí òrùlé, kò sí ohùn, a tún pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé Àgbà náà ń pa á. Ẹnì kan lẹ́yìn mi sọ pé òun kò tíì gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó dáa tó báyìí rí, mi ò sì rò pé yẹ̀yẹ́ ló fi ń ṣe.

Ibi tí a ti ń pàtẹ́wọ́ yẹn ni Sístà Inshirah ti jáde nínú ìlà. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ìbomú rẹ̀ yọ, ó so ó mọ́ etí, ó sì kúnlẹ̀ ti Rawya. Ó gbé ọwọ́ lé e láyà. Ó gbìyànjú láti pe àwọn tó ń gbé aláìsàn, ohùn tirẹ̀ náà kò jáde, ó bá fọwọ́ pè wọ́n. Nọ́ọ̀sì tó dúró tẹ̀ lé e náà ki ọwọ́ bọ àpò. Ẹ̀kejì rẹ̀ tẹ̀ lé e, àti alásè, àti awakọ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ti bo imú, wọ́n dúró ní ìlà wọn lábẹ́ aṣọ gbọọrọ yẹn. A wá rí i pé gbogbo wọn ló ti ń gbé e kiri nínú àpò láti ọjọ́ tí àṣẹ náà ti jáde.

Ìpàtẹ́wọ́ rọ̀ wọ̀ọ̀. Akọ̀wé Àgbà tẹ̀ sọ́dọ̀ Zaghlul, ó rọra bi í léèrè bóyá àìsàn wà níbí.

“Rárá o, Ọlọ́lá jùlọ,” ni Zaghlul wí. “Ilé ìwòsàn ibà lásán ni.”

Ọkùnrin náà dìde, ó nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún, lósì, ó tún nu ọ̀tún, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde pẹ̀lú rìbọ́nì tó lọ́ mọ́ ọn ní bàtà.

Wọ́n gbé Rawya lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ìpínlẹ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Nígbà tó yá, Bahgat kò lè la ẹnu ju ìwọ̀n ìka kan lọ, itọ́ ń dà létí ẹnu rẹ̀. Eéwo ti sọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fi í sí yàrá ọ̀tọ̀ kó má baà kó àrùn náà ran àwọn ẹlòmíràn, wọ́n wá rí i pé àga aláwọ̀ wúrà ló kún yàrá náà. Wọ́n kó ìwọ̀n tí wọ́n lè kó jáde, wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sáàárín èyí tó kù, ibẹ̀ ni Bàbá Àwọn Aláìsàn dùbúlẹ̀ sí bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sí ilé ìgbéyàwó. Dókítà ọ̀dọ́ kan la eéwo náà fún un, ó fa ọyún rẹ̀ dà sínú abọ́, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun á fi jinná.

Bó ṣe di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ògiri ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Lódì kejì, àwọn ìyá tó dúró ti ọmọ wọn ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárín ara wọn. Ọ̀kan ń sín ohùn rẹ̀ jẹ, ilé ìwòsàn kì í ṣe bíríkì, ilé ìwòsàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì, èkejì sì dá a lóhùn pé kí ló wá fà á tí wọ́n fi gbé òun náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ṣebí bíríkì ló yẹ kí wọ́n kó sí i lábẹ́. Bahgat ní inú kọ́kọ́ bí òun. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n nínú, ẹ̀rín yẹn sì dùn ún lọ́fun ju bí wọ́n ṣe la eéwo lọ. Ó ní òun kò mọ̀ pé èèyàn lè máa sunkún bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín.

Zaghlul wá kí i. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó ní Akọ̀wé Àgbà ti dùbúlẹ̀ ní Káírò, ọ̀fun ni, wọ́n sì ti fi fóònù yan ẹlòmíràn tó máa di ilé ìwòsàn mú. Ohun tó gbé e wá gan-an ni pé kò mọ ọ̀gá tuntun náà rí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá Páṣà lè ràn án lọ́wọ́ nípa irú oríyìn tí ọkùnrin náà fẹ́ràn. Bahgat juwọ́ sí i pé kó bo imú rẹ̀. Zaghlul rò pé ìre ló ń sú fún òun, ó tẹrí ba, ó lọ.

Sístà Inshirah ló ń fún un ní abẹ́rẹ́. Ó gba ìtọ́jú fún ara rẹ̀, ara rẹ̀ ti ń yá, ìbomú kì í kúrò lójú rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, Bahgat di apá aṣọ rẹ̀ mú, ó fi ìka kan àyà ara rẹ̀, ó sì wò ó lójú. Inshirah mọ ohun tó ń bi òun.

Ó ní ibà náà ti wọ Rawya ní oríkèé, ó sì ti bá ọkàn rẹ̀. Ilẹ̀kùn ọkàn tó ti ń jò díẹ̀ láti èwe ń jò sí i. Kò ní kú. Ṣùgbọ́n á máa gba abẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, bóyá títí ayé, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ó máa lè ṣiṣẹ́ wọ́ọ̀dù mọ́.

Bahgat yí ojú sí ògiri.

“Ẹ má dá ẹ̀bi náà gbé nìkan, Dókítà,” ni obìnrin náà wí. Kò pè é ní Páṣà. “Ẹ̀yin lẹ fòfin de ìbomú. Èmi ni mo ká a sápò.”

Wọ́n yọ ọ́ nípò. Wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà ní Káírò, wọ́n sì ní kó padà sí iṣẹ́ dókítà lásán, níbi tí wọ́n ti ń rí àwọn aláìsàn tó ń wá lójoojúmọ́, nínú ilé ìwòsàn yẹn kan náà. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ lára gbọ̀ngàn. Wọ́n ká fẹ́lífẹ́ẹ̀tì kúrò, wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n fa omi ẹ̀rọ síbẹ̀, ó sì di ibi tí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń sùn sí. Ọ̀gá tuntun jẹ́ ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ sí gbogbo ohun tí Inshirah bèèrè, àti èyí tó jẹ mọ́ owó oṣù pàápàá, kò sì bá wa sọ gbólóhùn kan lórí rẹ̀. Àwa ará ìlú wá ń ráhùn nílé kọfí pé ọkùnrin náà kò níyì, pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀gá. Zaghlul gbìyànjú láti pè é ní Páṣà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá tuntun náà ní kó lọ wá ọṣẹ sí wọ́ọ̀dù kejì.

Nígbà tí Bahgat kọ́kọ́ jókòó sí yàrá ibi tí wọ́n ti ń rí aláìsàn, ó lo ìbomú, ohùn rẹ̀ sì ha, ìyá kan wò ó láti òkè délẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìgbà wo ni dókítà máa dé. Bahgat ní òun fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́sí tó kọ̀wé lórí ọ̀fun ọmọdé ló dá a lóhùn láti inú òun pé ó ti dé, ó pẹ́ díẹ̀ ni. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó mú igi pẹlẹbẹ, ó ní kí ọmọ náà la ẹnu.

Nígbà tí Rawya padà sílé, Bahgat múra láti lọ bẹ̀bẹ̀. Ó ti ṣètò ọ̀rọ̀ náà sórí. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé e lọ, ó ń há a lábẹ́nu, awakọ̀ sì ń fi díńgí wò ó. Ilé kékeré ni, nítòsí ilé ìlọta. Ìyá Rawya jókòó sórí ẹní, agbada kábéèjì bíbọ̀ wà níwájú rẹ̀, ó ń ká ìrẹsì sínú ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Rawya fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti gbẹ, ṣáàlì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde.

Bahgat dúró sáàárín yàrá. Kò mọ̀gbà tí ọwọ́ rẹ̀ gbéra sókè.

“Ẹ̀yin ìdílé ọlọ́lá yìí,” ló bẹ̀rẹ̀, “ọjọ́ òní jẹ́ ọjọ́ kan nínú ìtàn...”

Ìyá Rawya kò gbé ojú kúrò lórí ewé tó ń ká. “Dókítà,” ló wí, “ṣé àforíjì lẹ wá tọrọ ni, àbí ilé lẹ wá ṣí?”

Rawya fi ṣáàlì bo ẹnu. Ọwọ́ Bahgat wà lókè fún ìṣẹ́jú kan, ó wá sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ọmọbìnrin náà.

“Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn,” ló wí. “Mo sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Jọ̀ọ́, forí jì mí.”

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Rawya kọjú sí fèrèsé, ó sì pẹ́ kó tó yí ojú padà. Ìyá rẹ̀ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní, ó ti agbada kábéèjì náà díẹ̀ sọ́dọ̀ àlejò, ó sì fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

“Ẹ lọ fọ ọwọ́ yín,” ló wí.